Ohun tí ń mú kí Ẹni tí Ogun Lé Kọ́ Èdè Onílé

Ọ̀rọ̀ tí kátíkíìsì àgbà sọ fún ìjọ ní ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí wa sí láti rí ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbin igi náà kò dúró jẹ nínú èso rẹ̀.

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ ní kí àwa kátíkíìsì yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ó dá wa lójú pé ohun tí ẹ ń retí ni kí a ka orúkọ àwọn àlùfáà tí ó ti sìn níhìn-ín, kí a sì sọ ọdún tí a fi páànù rọ́pò koríko lórí ilé ìsìn. Àkọsílẹ̀ nǹkan wọ̀nyí wà ní ojú ewé mìíràn nínú ìwé àjọ̀dún yìí, kò sì yẹ kí a tún fi ẹnu kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí a yàn ni èyí: kí ni ń mú kí ẹni tí ogun lé kúrò ní ilé rẹ̀ fi ara ṣe iṣẹ́ láti kọ́ èdè ibi tí ó sá wá? A yàn án nítorí pé ọ̀ràn kan wà níwájú Ìgbìmọ̀ tí a ó dá lẹ́yìn àjọ̀dún yìí, tí ó sì ti ń fa ìkùnsínú láàrin wa. Àwa fúnra wa jẹ̀bi nínú ọ̀ràn náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ara wa. Ta ni nínú wa tí ó lè fi ọwọ́ sọ àyà pé baba ńlá òun kò ṣe àlejò rí lórí ilẹ̀ yìí? Ní bí ọdún 1825 ni ogun fọ́ ìlú Òwu. Láàrin ọdún díẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ìlú àwọn Ẹ̀gbá, pàápàá ti àwọn Gbágùúrá tí ó wà ní agbègbè wa yìí, di ahoro. Ní ìhà òkè, ìjọba Ọ̀yọ́ ń tú ká, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń ṣàn wá sí ìhà igbó bí omi òjò. Ní bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú díẹ̀ nínú àwọn Ẹ̀gbá, tẹ̀dó sí Ìbàdàn, tí ibùdó ogun sì di ìlú. Ní ọdún 1830 àwọn Ẹ̀gbá kó kúrò láàrin wọn, wọ́n sì lọ tẹ Abẹ́òkúta dó. Olúkúlùkù mú ohùn ìlú rẹ̀ wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ní láti tẹ́tí sí ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ọ̀yọ́ ní láti fara da ohùn ọmọ Ifẹ̀, títí ohùn tí a ń pè ní ti Ìbàdàn lónìí fi jáde láti inú gbogbo rẹ̀.

Ẹ sì rántí Ìjàyè, tí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Kẹta ọdún 1862 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn wọ ìlú ńlá náà, wọ́n sì tú u ká. Àwọn tí ó ye ikú sá lọ sí Abẹ́òkúta àti ibòmíràn, wọ́n sì di àlejò ní ojúde onílé. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa sọ̀rọ̀ ẹni tí ogun lé bí ẹni pé ẹ̀yà ènìyàn mìíràn ni. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ.

Ǹjẹ́, kí ni ń mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ èdè? Èyí tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni ẹ̀rù àti ebi, òótọ́ sì ni. Ìwé Àwọn Onídàájọ́ sọ fún wa pé ní ìwọdò Jọ́dánì, ẹni tí kò bá lè pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Ṣíbólẹ́tì, bí àwọn ará Gílíádì ti ń pè é, ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò fi san án. 42,000 ènìyàn ni ó ṣubú ní ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ẹnu ti di ikú fún ènìyàn ní ìgbà ogun, láti ayé àtijọ́ títí di ìsinsìnyí. Ẹni tí ogun lé sì mọ èyí dájú. Nígbà tí ó bá dé ìlú àjòjì, ohun àkọ́kọ́ tí ó ń kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí yóò gbà á là: bí a ti ń kí ènìyàn, bí a ti ń bẹ̀bẹ̀, bí a ti ń sọ pé, “Èmi kọ́.” Lẹ́yìn èyí ni ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹ wo àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ oko fún wa: ebè, àdá, ẹ̀gẹ́, iye owó, “ó dàárọ̀”, ìwọ̀nyí ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́. Àwọn àgbà wí pé àlejò l'ójú, kò fi ríran. Èdè ni ìtànná tí ó fi ń ríran, bí ó ti wù kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré tó.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ebi nìkan ni olùkọ́, ọjọ́ tí ènìyàn bá yó ni ì bá jáde ilé ẹ̀kọ́. A kò rí i bẹ́ẹ̀. A rí ẹni tí ó ti ní iṣẹ́, tí ó ti ní oúnjẹ, tí ó sì ń tẹ̀síwájú láti kọ́ èdè títí ó fi lè pa òwe, tí ó lè kà á, tí ó lè fi gbàdúrà. Ohun kan wà tí ó ju ebi lọ. Láti rí i, ẹ jẹ́ kí a bá ọmọkùnrin kan rìn láti Oṣóògùn.

Oṣóògùn kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ní ọdún 1821 ni àwọn ológun wọ ìlú náà ní òwúrọ̀, wọ́n sì kó ọmọ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó bí ọdún 12, Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. A yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ Àfàlà, a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì fi í sínú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú ará Potogí. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon gba ọkọ̀ náà, àti ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni Àjàyí fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní Freetown, ní Sàró.

Ẹ ronú wo ohun tí ó bá níbẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni a kó jọ sí ìlú náà àti àwọn abúlé tí ó yí i ká, láti ìhà gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí àlùfáà ará Jámánì kan, Koelle, jókòó tì wọ́n láti kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀, èdè tí ó kó jọ sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1854 ju 100 lọ. Àwọn ará ilé wa pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ wọ́n ní Aku, nítorí pé “ẹ kú” kò kúrò ní ẹnu wọn. Ìkíni ni ó di orúkọ wọn. Ìbáà ṣe ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Aku ni gbogbo wọn lójú àwọn tí kò mọ̀ wọ́n.

Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. A sọ nípa rẹ̀ pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó dé ilé ìwé, ó lọ sí ìgboro, ó tọrọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tí wọ́n jọ ti ilé wá, kí òun bàa lè ra káàdì ábídí tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọmọ tí ó ti ri ìyà tó bẹ́ẹ̀, tí a fi lè rò pé bí owó kékeré bá bọ́ sí i lọ́wọ́, àkàrà ni yóò fi rà, ábídí ni ó fi rà. Bí oṣù mẹ́fà tí ó dé, ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun, a sì fi í ṣe olórí àwọn ọmọ kíláàsì, a ń san kọ́bọ̀ 7½ fún un lóṣù. Kò ṣeé sọ pé owó yìí ni ó fà á. Ẹni tí a ti tà bí ẹran ni, a ti fi í pààrọ̀ ẹrù láti ọwọ́ kan sí èkejì. Nínú ẹ̀kọ́ èdè yìí ni ó ti tún rí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn tí a ń pe orúkọ rẹ̀, tí a ń bi ní ìbéèrè, tí a sì ń dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Òun ni a ṣe ìrìbọmi fún ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1825, tí a sì sọ ní Samuel Crowther. Òun ni a yà sí mímọ́ ní Canterbury ní ọdún 1864, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ wa.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni èyí: ebi àti ẹ̀rù ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ èdè fún ẹni tí ogun lé, ṣùgbọ́n ìfẹ́ láti tún di ènìyàn láàrin ènìyàn ni ó ń gbé e dé òpin. Ibi tí a bá ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, yóò kọ́ ọ jìnnà. Ibi tí a bá ti fi ṣe ẹlẹ́yà, kò ní kọ́ ju èyí tí yóò fi jẹun.

Ẹnì kan lè wí pé, “Bí ó bá kọ́ èdè ẹlòmíràn tó bẹ́ẹ̀, ṣé kì í gbàgbé tirẹ̀?” Ewu náà wà. Nígbà tí Nehemáyà padà wá wo Jerúsálẹ́mù, ó bá àwọn ọmọ tí ń sọ èdè Áṣídódù tí wọn kò sì lè sọ ti baba wọn, ó sì dùn ún dé egungun. Àwa náà rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Kì í ṣe ogun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì mọ bí ó ti rí. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti Ọ̀fà ni ó padà wá sí ilé, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn tí a bí sí ọ̀hún sì gbọ́ Twi tàbí Hausa ju Yorùbá lọ. Ọmọ onílùú di ẹni tí ń kọ́ èdè ní ìlú baba rẹ̀.

Crowther pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1844, lẹ́yìn tí a ti fi í jẹ àlùfáà, ó ṣe ìsìn Yorùbá ní Freetown fún àwọn ará ilé rẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó rí fún òun bí ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti fọ èdè ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ. Ní ọdún 1843 ni ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Nígbà tí ó sì dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, tí a mú Àfàlà ìyá rẹ̀ wá bá a lẹ́yìn ọdún 25, àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní èdè tí a fi tọ́ ọ. Jósẹ́fù, tí àwọn arákùnrin rẹ̀ tà sí Íjíbítì, fi ògbufọ̀ sí àárín ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ baba rẹ̀, bí ó tilẹ̀ gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Bí Crowther bá ti jẹ́ kí Yorùbá kú ní ẹnu òun, ògbufọ̀ ni ì bá dúró láàrin ìyá àti ọmọ ní ọjọ́ náà. A dúpẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah.

Ẹ ó sì rí i pé àwọn ará wa tí ó kù ní Sàró kò jẹ́ kí tiwọn parun. Nínú èdè Krio, tí a ń sọ níbẹ̀ títí di òní, ẹ ó gbọ́ “kabo” tí í ṣe káàbọ̀. Ẹ ó gbọ́ “komojade” ní ọjọ́ tí a ń kó ọmọ jáde. Ẹ ó gbọ́ “awujoh” ní ọjọ́ tí a ń ṣe sàráà fún àwọn tí ó ti sùn. Wọ́n kọ́ èdè àjòjì, wọ́n sì fi ẹrù tiwọn sínú rẹ̀.

Èyí mú wa dé ìdí kejì tí ẹni tí ogun lé fi ń kọ́ èdè. Ó ń kọ́ ọ nítorí ìrètí: kí ọmọ rẹ̀ má bàa jìyà tí òun jẹ, àti kí òun, bí Ọlọ́run bá fẹ́, lè mú ohun kan padà sílé. Èdè tí àwọn ará Sàró kọ́ ní ìgbèkùn, wọ́n mú un wálé, ó sì di ìbùkún fún wa. Àwọn ni ó fi ábídí Gẹ̀ẹ́sì kọ èdè wa sílẹ̀. Crowther kò sì dúró lórí Yorùbá nìkan. Ó bá ọkọ̀ lọ sí odò Ọya ní ọdún 1841. Ó ṣe ìwé ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn Íbò ní ọdún 1857 àti fún àwọn Núpé ní ọdún 1860. Ní ọdún 1884 ni Bíbélì Yorùbá pé pátápátá. Bíbélì tí ó wà ní ọwọ́ yín yìí, ẹ̀yin ará, àti Yorùbá tí a ń kọ tí ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Ọ̀yọ́ jọ ń kà, ọwọ́ àwọn tí ogun lé ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ wo Samuel Johnson pẹ̀lú, tí ó ṣe kátíkíìsì ní Arẹ̀mọ ní Ìbàdàn. Ní abúlé Hastings ní Sàró ni a bí i ní ọdún 1846, ọmọ ẹni tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Bàbá rẹ̀ mú un wá sí Ìbàdàn ní ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ogun Kírìjí ti gba ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọ̀nà dí, tí oko di igbó, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni a rán láti ibùdó dé ibùdó títí a fi fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni àwọn ọba àti balógun ń sọ. Ẹni tí ó gbọ́ méjèèjì ni ó dúró láàrin. Ọmọ ẹni tí ogun kó lọ ni ó padà wá parí ogun. Ta ni ó lè rò ó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí a kó baba rẹ̀ lọ?

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ apá kan kí a fi apá kejì sílẹ̀. Onílé náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́. Nígbà tí Hinderer, ará Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn ní ọdún 1853, wọn kò wí pé kí Ìbàdàn kọ́ èdè wọn kí ó tó gbọ́ ìyìn rere. Wọ́n kọ́ tiwa. Hinderer kọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi túmọ̀ ìwé ìrìn àjò Onígbàgbọ́ tí Bunyan kọ sí Yorùbá. Àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìníbaba wà nínú àwọn tí ìyá náà gbà sí ilé. Nígbà tí ogun Ìjàyè sì dí ọ̀nà, wọ́n jọ jẹ ebi náà ni.

A kò fẹ́ tan yín jẹ. Gbígbọ́ èdè ara ẹni nìkan kò lè pa iná ọ̀tẹ̀. Ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, ní Akínyẹlé wa níhìn-ín, ní oṣù Kejì ọdún 2021, kì í ṣe láàrin àwọn tí kò rí ara wọn rí. Àwọn tí ó ti ń nájà pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, Yorùbá àti Hausa, síbẹ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ìsọ̀ àti ilé jóná, ọ̀pọ̀ sì sá. Èdè tí a fi ń ná ọjà lè máà dé ọkàn. Èdè tí a fi ń bá ara wa sọ̀fọ̀ ni ó ń dé ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni Ọlọ́run fi kọ́ àwa fúnra wa.

Ẹ mọ̀ pé láti ọdún púpọ̀ ni àwọn ará Benue ti ń wá ṣe iṣẹ́ oko ní agbègbè wa. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ni ó ń mú wọn wá. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ibọn àti iná lé wá. Ní òru kan ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, a pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ ní Yelwata ní ìpínlẹ̀ náà. Ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn tí ogun àti ìjà ti lé kúrò ní ilé ju mílíọ̀nù 3 lọ ní ọdún 2024. Àwọn tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, “Àgàtú” ni a ń pe gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Tiv, àwọn kan jẹ́ Ìdọ̀mà, àwọn kan jẹ́ Ìgẹ̀dẹ̀. A ń ṣe sí wọn bí a ti ṣe sí baba wa ní Sàró nígbà tí a pe gbogbo wọn ní Aku.

Ọkùnrin Tiv kan wá ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ kan, nígbà tí a sun abúlé wọn. A rí wọn ní ìsìn ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n ń jókòó sí ẹ̀yìn. Ní ìgbà òjò, ibà pa ọmọ náà. Àwa ni a sin ín. A ka ìsìn ìsìnkú láti inú Ìwé Àdúrà ní Yorùbá, a gbàdúrà, bàbá ọmọ wí pé “Àmín”, a sì padà sílé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wá bá wa ní ilé ní ìrọ̀lẹ́, ìwé kíkọ kan wà ní abẹ́ apá rẹ̀. Ó ní kí a kọ́ òun ní Yorùbá kíkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì wá: a rẹ́rìn-ín. A ní, “Yorùbá tí o gbọ́ ní oko ti tó ọ. Kí ni alágbàṣe fẹ́ fi ìwé ṣe?” A rò pé iṣẹ́ ìlú ni ó ń wá. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Baba, ọjọ́ tí ẹ sin ọmọ mi, mo ṣe Àmín. Mi ò mọ nǹkan tí mo ṣe Àmín sí.”

Ẹ̀yin ará, a ti ń ṣe kátíkíìsì láti ìgbà ọ̀dọ́. A ti kọ́ ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn ní ábídí, a kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ náà ohun tí ènìyàn fi ń kọ́ èdè. A gbé àga fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ náà gan-an ni a ṣí Ìwé Àdúrà sí ojú ìwé ìsìnkú, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, ó lè kà á já. Ní alẹ́ tí ó kà á já, ó pa ìwé náà dé, ó sì wí pé, “Àmín,” ní ìgbà kejì.

Ní ọjọ́ kan ó mú Bíbélì Tiv rẹ̀ wá, ó fi orúkọ Ọlọ́run hàn wá nínú rẹ̀: Aôndo. Ó ní ìyàwó òun kò tíì gbọ́ Yorùbá, kò sì fẹ́ kọ́ ọ mọ́. A bi í ní ìdí rẹ̀. Ó ní obìnrin náà fẹ́ ra ìgbá ní ọjà, ìgbá tí à ń jẹ, ó sì pè é bí igbá tí à ń fi bu omi. Àwọn ọlọ́jà fi ṣe ẹ̀rín fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta. Láti ìgbà náà, ìka ni ó fi ń nájà. Nítorí náà ni ọkọ rẹ̀ fi bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn Tiv tí ó wà láàrin wa ṣe àdúrà ní èdè wọn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú nínú ilé ìwé ìjọ.

Ọ̀ràn tí ó wà níwájú Ìgbìmọ̀ nìyí. Àwọn kan wí pé ìjọ Yorùbá ni ìjọ yìí, ẹni tí ó bá fẹ́ sìn pẹ̀lú wa kí ó gbọ́ èdè wa. Pé bí a bá gbà wọ́n láàyè, wọn kò ní kọ́ Yorùbá mọ́. A bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó wí bẹ́ẹ̀, nítorí ìfẹ́ ìjọ ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè wọ́n. Ẹni tí ó ń fi èdè tirẹ̀ gbàdúrà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni yóò ní ọkàn láti kọ́ tiwa ní ọjọ́ Àìkú. Crowther ṣe ìsìn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣe ti Yorùbá. Èkíní kò pa èkejì. Ẹni tí a bá gba ahọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fi tayọ̀tayọ̀ gba òmíràn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń tọrọ lọ́wọ́ yín ní ọdún kọkànlélọ́gọ́rùn-ún yìí, tí í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún kejì. Èkíní, kí a fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Èkejì, kí a tún ilé ìwé alẹ́ ṣí, irú èyí tí àwọn baba wa ti kọ́ ábídí lábẹ́ àtùpà, kí a sì kọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ní Yorùbá kíkà lọ́fẹ̀ẹ́. A ti darúgbó, ṣùgbọ́n ojú wa ṣì ríran, àwa ni yóò kọ́kọ́ dúró níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kọ́ bí a ti ń kí Tiv. “Msugh” ni wọ́n ń wí. Kò ṣòro. Bí a bá kí obìnrin yẹn bẹ́ẹ̀ ní ọjà, ó lè tún ya ẹnu rẹ̀ láti pe ìgbá.

Bí a bá kọ̀, kò sí ẹni tí yóò bá wa jà. Wọn yóò máa kọ ebè fún wa, a ó máa san owó wọn, wọn yóò sì máa jókòó sí ẹ̀yìn, wọn yóò máa ṣe Àmín sí ohun tí wọn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n a ó dáhùn fún un níwájú Ẹni tí ó jẹ́ kí olúkúlùkù gbọ́ iṣẹ́ ìyanu Rẹ̀ ní èdè tí a bí i sí, ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì.

Kí Olúwa tí ó kó baba wa jọ láti inú ahoro kí ó bùkún ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, kí ó sì ṣí etí wa fún èyí tí ń bọ̀. Kí gbogbo wa, onílé àti àlejò, mọ ohun tí a ń ṣe Àmín sí. Àmín.